Ẹni Tó Bá Nàfísàt Sáìnì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì á rò pé ọ̀rọ̀ bírò ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1.
Sherifat àti Nàfísàt jọ ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Ọ̀fà. Wọ́n jọ ń jókòó, wọ́n jọ ń pín búrẹ́dì kan jẹ. Gbogbo kíláàsì ló mọ Sherifat sí ọ̀rẹ́ gidi, torí ó ní ẹ̀bùn kan: bí ẹnikẹ́ni ò bá lè wá, á bá a sáìnì ìwé àtẹ́ńdánsì. Ó lè sáìnì fún ẹni mẹ́fà lórí ìjókòó kan. Ìfọwọ́sí Nàfísàt tiẹ̀ ní ìrù gígùn nísàlẹ̀. Sherifat mọ ìrù náà fà ju ẹni tó ni ín lọ. Ẹ̀bùn ńlá ni.

Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè, ní àṣà tirẹ̀. Bí ibi orúkọ ọmọ kan bá ṣófo fún ọjọ́ méjì léra, á rán Ìdrís, olórí kíláàsì, lọ wò ó nílé. Àwọn ọmọ kórìíra àṣà yìí. Wọ́n ní ọkùnrin náà ń ṣe bí ọlọ́pàá.

2.
Lọ́jọ́ Ajé kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Nàfísàt nínú yàrá tó gbà ní Ìjàgbó. Ó pe Sherifat pé inú ń run òun, kó bá òun sáìnì. Sherifat sáìnì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Nàfísàt gba ohùn sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Sherifat wo gígùn rẹ̀: ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ta ló ráyè? Kò gbọ́ ọ. Ó kàn fèsì pé, "Pẹ̀lẹ́ o, ara á yá, mo ti bá ẹ sáìnì," ó sì fi àwòrán ọkàn pupa mẹ́ta tì í. Mẹ́ta. Ẹlòmíràn ò gbà ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ó sáìnì. Ọjọ́bọ̀, ó sáìnì. Ọjọ́ Ẹtì, ó sáìnì, ó tiẹ̀ fa ìrù náà gùn díẹ̀ sí i. Nígbà tí Táíyé tó jókòó tì í béèrè Nàfísàt, ó ní kò sí wàhálà, òun ń mójú tó o.

Ẹ dúró níbí kí ẹ rò ó wò. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè ń wo ìwé, orúkọ Nàfísàt ò sì ṣófo rí. Ìdrís ò lọ síbì kankan. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá kò wá a, ó sì tún fi bírò dí ojú àwọn tó kù.

3.
Alhaja Asiata, onílé Nàfísàt, ti lọ wa iṣu l'Ójòkú. Ọjọ́bọ̀ ló dé. Ó mú iṣu díẹ̀ lọ fún Nàfísàt, ó kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ nǹkan. Ó tì í wọlé, ó bá a nílẹ̀, kò lè dìde. Ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin gbé ọmọ náà pọ̀n dé títì, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró. Àwọn dókítà ní ìfun kan ti wú nínú rẹ̀, ó sì ti bẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ọjọ́ Ẹtì tí Sherifat ń fa ìrù ìfọwọ́sí, orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ ni oní-ìfọwọ́sí wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ìdrís gbọ́, ó sì sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Ìgbà yẹn ni Sherifat wá gbọ́ ohùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Sherifat, mi ò lè dìde. Omi tó wà níbí ti tán. Jọ̀ọ́, máa bọ̀."

Ìyókù rẹ̀, mímí ni. Ìṣẹ́jú kan gbáko, mímí nìkan. Ojú tì í débi pé kò lè dé ilé ìwòsàn.

4.
Orí ibùsùn ni Nàfísàt wà tí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Nígbà tó padà, ó ń fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú rìn. Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè gbé ìwé méjì sílẹ̀ níwájú kíláàsì: ti ilé ìwòsàn ní Nàfísàt wà lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Ẹtì, àtẹ́ńdánsì ní ó wà ní kíláàsì. Ó ní òun ti wádìí ti ilé ìwòsàn, òótọ́ ni. Bí ẹni tó sáìnì bá jáde wá sọ pé Nàfísàt kọ́ ló rán òun, Nàfísàt á ṣe ìdánwò tirẹ̀, ẹni náà á sì lọ jókòó sílé fún sáà kan. Bí kò bá sẹ́ni tó jáde, a jẹ́ pé Nàfísàt ló rán an, òdo ni wọ́n máa kọ fún un nínú ìdánwò náà.

"Nàfísàt, ta ló bá ẹ sáìnì?"

Nàfísàt ò bojú wo ibi tí Sherifat jókòó sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ òdo náà sí mi."

Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó ń retí. Sherifat mọ ohun tó ń retí. Ó tẹjú mọ́ tábìlì, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sára tábìlì náà látọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Kò dìde.

Wọ́n kọ òdo. Nàfísàt á lo ọdún kan sí i.

5.
Lọ́jọ́ kejì, Sherifat gun ọ̀kadà lọ Ìjàgbó. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọlọ́kadà bi í pé ilé wo, Sherifat ò mọ̀. Ẹni mẹ́rin ló bi kó tó débẹ̀. Ó sọ fún Alhaja Asiata pé ọ̀rẹ́ Nàfísàt ni òun.

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí i báwo? Àwọn tó wá wò ó, mo mojú gbogbo wọn."

Nàfísàt bu omi fún un. Sherifat kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun ń lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́.

"Dìde, mi ò bínú," ni Nàfísàt wí. "Ọwọ́ mi lo mọ̀ ọ́n kọ, Sherifat. Ilé mi ni o ò mọ̀."

Ó sìn ín dé títì, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Sherifat jẹ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ èsì ìdánwò ti lọ, kò ṣeé dá padà. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún sáà kan. Nínú gbogbo àwọn tó ti bá sáìnì rí, kò sẹ́ni tó yà wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ ṣọ́ra. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fi ohùn ránṣẹ́, gbọ́ ọ tán. Bí àyè rẹ̀ bá ṣófo, jẹ́ kó ṣófo, kí wọ́n lè wá a. Fi ẹsẹ̀ rẹ lọ wò ó, má fi bírò lọ. Àwọn àgbà ò purọ́: ìgbà ìpọ́njú là á mọ̀rẹ́.