Kàlẹ́ńdà Mẹ́jọ Lára Ògiri

Ìyìn ló ba ayé Adéjìmí jẹ́. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, àmọ́ ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yìn lè bọ́ ṣòkòtò nídìí rẹ̀, yóò sì tún dúpẹ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe ní Ṣómólú. Ọdún tí àwọn ológun ń gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, tí gbogbo olóṣèlú ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ pósítà, maṣíìnì rẹ̀ méjèèjì kì í sinmi. Ó rí ṣe. Ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bá gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ fún un. Adéjìmí tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ki àwòrán ara rẹ̀ sí àárín, ó tóbi ju ti ọba ìlú lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, Bàbá Bámilóyè, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bàrígà, lápá ibi tó sún mọ́ ọ̀sà. Nígbà tó gbọ́ pé Adéjìmí ń wá ilé rà, ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọlọ́lá ìlú wa," bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ló ń fi ẹ̀yin kí ẹni tó lè bí lọ́mọ o, "ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ilé mi bọ́ sí lọ́wọ́, kì í ṣe àjèjì. Àmọ́ kàlẹ́ńdà yín yìí, ẹ fún mi ní mẹ́jọ. Mo fẹ́ kí ojú yín máa wò mí ní gbogbo yàrá."

Ẹni tó gbọ́n ì bá bi í pé kí ni ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ fi kàlẹ́ńdà mẹ́jọ ṣe nínú ọdún kan. Adéjìmí rẹ́rìn-ín, ó kó o fún un.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n lọ wo ilé náà. Ilẹ̀ gbẹ, ọ̀dà tuntun ń dán lára ògiri. Fadékẹ́, ìyàwó Adéjìmí, ti bẹ Yísà kó bá wọn lọ. Bíríkìlà ni Yísà, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé ní Pedro, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń kọ́lé. Kàlẹ́ńdà wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó wà lókè fèrèsé, ọ̀kan tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti dọ̀bálẹ̀. Adéjìmí dúró síwájú ti pálọ̀, ó ń wo ara rẹ̀.

Aláǹgbá kan sáré gba ara ògiri, ó kọrí sẹ́yìn kàlẹ́ńdà náà. Wọ́n wò títí, kò jáde.

Yísà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣí bébà yìí wò."

"Háà!" ni Bàbá Bámilóyè ké. "Kí bíríkìlà fi ọwọ́ sìmẹ́ńtì já àwòrán yín sílẹ̀ lójú yín?"

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀!" ni Adéjìmí jágbe. "Ṣé ọmọ ìlú mi ló máa lù mí ní jìbìtì?"

"Ó dáa, sà. Àmọ́ yàrá mẹ́rin ló ṣófo nísàlẹ̀. Ní Bàrígà yìí, tí èèyàn ń sùn lé ara wọn lórí! Ẹ sáà bi ayálégbé tó kù pé kí ló lé àwọn yòókù lọ."

"Onílé kì í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ayálégbé."

Nígbà tí wọ́n délé, Fadékẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá Ẹ̀bùn, maṣíìnì tí ẹ fẹ́ tà yìí ni gbogbo wa ń jẹ. Ẹni tó ní òun ó dá ẹ̀wù fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Bàbá yẹn fúnra wọn ò gbénú ilé náà. Yàrá ni wọ́n háyà ní Onípanu!"

"O ò kàn fẹ́ kí n di onílé ni."

Ó ta maṣíìnì méjèèjì fún Japhet, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ó ra ilé, wọ́n kó wọlé.

Oṣù kẹfà, òjò dé. Omi ń sun láti inú ilẹ̀ yàrá. Kàlẹ́ńdà rin gbindin, wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni ògiri ti là tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Yísà. Ó gbẹ́ ìdí ògiri díẹ̀, ó mi orí.

"Ọ̀gá, kò sí ìpìlẹ̀ níbí. Ìyẹ̀fun pákó àti pàǹtí ni wọ́n dà sórí ẹrẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ẹ kó jáde lónìí."

Adéjìmí sáré lọ sí Onípanu. Bàbá Bámilóyè kò fi ẹ̀yin kí i mọ́.

"Adéjìmí, ṣé mo fi aṣọ dì ọ́ lójú ni? Ìwọ lo tẹ kàlẹ́ńdà, èmi kàn gbé e kọ́ ni."

Fadékẹ́ gbé Ẹ̀bùn, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adéjìmí ní onílé kì í sá fún ilé rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, ògiri àtẹ̀gùn wó lé e. Ní ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ti rún kọjá àtúnṣe, wọ́n gé e. Kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìyókù ilé náà, katapílà sì ti wó o.

Ṣọ́ọ̀bù Japhet ló ti ń gbowó iṣẹ́ báyìí, tó ń gbọ́ ìró maṣíìnì tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tó kọjá, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ dé láti tẹ̀. Àwòrán ẹlòmíràn ló wà láàárín. Ọwọ́ òsì ni Adéjìmí fi ń tò wọ́n jọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ dání kó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣí gbogbo ohun tí wọ́n bá so mọ́ ògiri. Ẹ lọ wò ó nígbà òjò, kí ẹ sì bi ayálégbé léèrè, torí òun ló ń sùn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú pé ẹ fẹ́ yẹ ohun tí ẹ fẹ́ rà wò, ohun tó fi pa mọ́ ló ń bínú lé lórí. Kó jẹ́ ọmọ ìlú yín, kó jẹ́ ọmọ ìyá yín pàápàá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyìn ò gbé ògiri ró rí.