Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Kí Màmá Mi

Lánàá, màmá mi jẹ̀rora láti àárọ̀ torí pé ó dá bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lóhùn bí ọmọlúàbí.

Bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ̀rọ tó máa ń béèrè ara aláìsàn kó tó tú oògùn ìrora sílẹ̀, kí i: "Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ṣé ara le?"

"Ó le, a dúpẹ́."

Bẹ́ẹ̀dì gbà á gbọ́, kò tú oògùn sílẹ̀. Egungun itan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sì ń ro ó gógó.

Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé ó ń dùn yín."

"Kí ìyàwó yìí gbọ́? Èmi tí mo bí mẹ́fà láìké!"

Orogún rẹ̀ kékeré rẹ́rìn-ín láti bẹ́ẹ̀dì kejì. "Ìyálé mi, ẹ ké o! Èmi ti ké tèmi, mo ti sùn, mo ti jí."

Nígbà tó dọ̀sán, Màmá figbe ta: "Yéè, ó ń dùn mí o!"

Oògùn dé, ara tù ú. Ṣùgbọ́n kò lè fi ọmọ mẹ́fà yangàn mọ́. Orogún rẹ̀ ti ń sín igbe náà jẹ fún gbogbo àlejò.