Àmì Pupa Tí Warith Fi Yí Òǹwòran Kan Ká

1.

Kí ẹ tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin. Mo mọ̀ yín. Ọwọ́ ti ń yún yín. Ọwọ́ tó ń yúnni yẹn náà ló ba ilé Warith jẹ́.

Angwan Rogo ní Jos ni Warith ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Alhaja Mujeebat. Ó ní ojú ewé kan lórí Fesibúùkù, ibẹ̀ ló ti ń gbé fọ́tò Jos àtijọ́ jáde. Bàbá Akínwọlé, tó ti ń ya fọ́tò ní òde eré kí ọ̀pọ̀ yín tó dáyé, ló kó àpótí fíìmù rẹ̀ fún un nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Warith, àwọn olórin dúró kí n yà wọ́n ni. Gbé wọn jáde bó ṣe wù ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá wòran, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Púpọ̀ wọn ṣì wà láàyè."

"To, mo ti gbọ́, Bàbá."

Kò gbọ́ nǹkan kan.

2.

Fọ́tò àwọn olórin kò mú èrò wá. Gìtá, bàtà gogoro, ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀: àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á kọjá lọ. Àfi ọjọ́ tí Warith fi àmì pupa yí ojú òǹwòran kan ká, tó béèrè pé, "Ta ló mọ ẹni yìí?" Kíá, ojú ewé náà kún. Láti ìgbà náà, ojú èrò ìwòran ló ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Lọ́sẹ̀ tí àwọn àgbà mọ́sálásí fẹ́ wé láwàní Ìmáàmù fún Alfa Qasim ni Warith rí ojú Alfa nínú fọ́tò eré kan tí wọ́n yà ní 1979. Alfa yìí kan náà ló máa ń wàásù pé kí àwọn ọ̀dọ́ yàgò fún òde eré. Warith fi àmì pupa yí i ká. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ Ìmáàmù." Kí ó tó jẹun ọ̀sán, fọ́tò náà ti dé ibi tí kò lè ka iye rẹ̀ mọ́.

3.

Ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá.

"Warith, dan Allah, pa fọ́tò yẹn rẹ́."

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni, Ìyá? Ṣé òun kọ́ ni?"

"Òun ni. Ṣùgbọ́n o ò mọ ohun tó gbé e débẹ̀."

"Kí ló gbé e débẹ̀?"

Alhaja yíjú sí ilẹ̀kùn, ó tì í. Èmi ò ní fi pamọ́ fún yín: òun gan-an ló gbé Alfa débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Alhaja nígbà náà. Ó yọ́ jáde nílé lọ wo eré, ó ṣí orí sílẹ̀, ó wọ ṣòkòtò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀, Alhaji Ṣàíbù, bá gbọ́, lílé ni ìbá lé e. Qasim tó ń kéú lọ́dọ̀ bàbá náà ló lọ wá a, tó fà á lọ́wọ́ jáde, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Ṣùgbọ́n Alhaja rántí pé iná kámẹ́rà kọ yẹ̀rì bí Qasim ṣe di ọwọ́ òun mú. Fọ́tò kejì wà nínú àpótí yẹn.

"Ọmọ mi, jókòó, kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ."

"Haba, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí ná. Wọ́n ń pè mí ní onírọ́."

Òótọ́ ni. Àwọn kan ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé ó kàn jọ Alfa ni. Inú bí Warith. Ó gbé fíìmù náà sójú iná, ó sì rí èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú Alfa hàn kedere níbẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin kan mú, ọmọbìnrin náà sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì ojú. Warith kò dá a mọ̀, nítorí láti kékeré ló ti ń rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìborí lórí. Ó fi àmì pupa yí àwọn méjèèjì ká. "Ta ni ọmọbìnrin yìí?" Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

4.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, àwọn àgbà pe Alfa jókòó ní mọ́sálásí. Warith wà láàárín àwọn ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn obìnrin.

"Alfa, ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú fọ́tò yìí?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo lọ mú ẹnìkan wálé."

"Ta ni?"

"Ẹ bi mí ní ohun mìíràn."

Ariwo sọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni Alfa ìbá dá tí ì bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò dá a. Ẹ̀rín ń pa Warith nínú. Nígbà náà ni ọkùnrin kan tó ń wo fóònù rẹ̀ gbé orí sókè. Àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Umar, ní ìlú Kuru, ti dáhùn ìbéèrè Warith. Ọkùnrin náà kà á síta:

"Kai, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Mujeebat, ọmọ Alhaji Ṣàíbù ni. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Gbogbo ojú yí sí Warith. Alhaja dìde lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Àwọn àgbà kan gbà á gbọ́, wọ́n bẹ Alfa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sórí fóònù. Kí Alhaja tó parí ọ̀rọ̀, àwọn ará àdúgbò Naraguta ti ń kọ ọ́ pé àlè ni òun àti Alfa. Àwọn kan tilẹ̀ ń béèrè pé ọmọ ta gan-an ni Warith.

5.

Warith pa fọ́tò méjèèjì rẹ́. Kí ló kù tó fẹ́ pa rẹ́? Wọ́n ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Alfa Qasim ní kí wọ́n wé láwàní fún ẹlòmíràn, pé òun kò fẹ́ kí orúkọ ọmọ olùkọ́ òun máa wà lẹ́nu ayé nítorí òun. Alhaja kò lè gba ìta Angwan Rogo kọjá mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ sí Ìlọrin. Warith dọ̀bálẹ̀ fún un ní gáréèjì.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Tí kò bá wá jẹ́ èmi ńkọ́? Ṣé ìyá ẹlòmíì kì í ṣe ìyá?"

Ó nawọ́ láti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, Alhaja fà á sẹ́yìn.

"Warith, ọmọ kéú tí kò bá mi tan bò mí láṣìírí láti ìgbà èwe mi. Ìwọ tí mo bí lo tú mi síta."

Ó wọ ọkọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì gbé ìpè Warith.

Ẹ̀yin tí fọ́tò àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹni tó wá wòran kò ní kí ẹ fi òun ṣe ìran wò. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e síta. Bí àgbà bá sì ní ẹ jókòó kí òun sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ jókòó. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.