Ẹrù Baba Orí Yìnyín

Arínọlá ló ní kí àwọn gba orí yìnyín sọ̀ kalẹ̀ láti ṣóńṣó Òkè Kẹ́ńyà, nítorí ọ̀nà àpáta jìn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Okùn kan ló so òun àti Ṣèyí àbúrò rẹ̀ pọ̀. Okùn náà fà á lójijì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń kánjú.

Kò pẹ́ tó fi pàdé baba arúgbó kan tó pọn ẹrù bí ẹni pọn ọmọ, tó ń gòkè bọ̀ láìwọ bàtà. Arínọlá ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó kọjá.

“Àǹtí mi,” ohùn Ṣèyí dún lẹ́yìn rẹ̀, “ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn? Ẹ rí àgbà lábẹ́ ẹrù, ẹ ò gbà á?”

Ojú tì í gan-an. Ó padà nínú kùrukùru tí kò jẹ́ kó rí Ṣèyí, ó kúnlẹ̀ lórí yìnyín.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, baba. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n gbà yín.”

Baba gbé ẹrù náà pọ̀n ọ́n, ó sì wọ inú kùrukùru lọ.

Ẹrù náà wúwo, ó sì tutù.

“Ṣèyí, wá bá mi dì í mú.”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fa okùn. Wẹ́rẹ́ ló ń bọ̀, títí ìdí rẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lófìfo.

Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ bá mí sí i lọ́rùn.

“Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Látìgbà tí mo ti jìn sínú yìnyín, mo ti rò pé ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn mọ́.”