Sàréè Ẹ̀yìnkùlé

"Rọra," ni Ààfáà wí. Ìyá náà ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ walẹ̀ kó má baà ṣá eegun ọmọ rẹ̀. Àgbàrá òjò ti jẹ sàréè náà dé etí, wọ́n sì fẹ́ kó ọmọ lọ sí itẹ́ òkú Tafo. Gbogbo Jímọ̀ ni ìyá ń ṣàdúà lórí sàréè náà, láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kúkù òyìnbó Faransé kan, ti dá nìkan sin ín sẹ́yìnkùlé wọn ní Asawase.

Ìgò ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, bí òkú mùsùlùmí.

Ààfáà nu erùpẹ̀ kúrò lára ìgò náà. "Ọtí pupa ni. Astaghfirullahi."

Ìyá gbé e sí apá bí ọmọ jòjòló. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi dà?"

"Tafo ni mo sin ín sí. Òyìnbó tó fún mi lọ́tí yẹn ní kó fẹ̀gbẹ́ sùn sínú ilẹ̀ fún ogún ọdún kó tó gbó. Ta ló máa hú sàréè ọmọ?"

"Níbo ní Tafo?"

Ọkọ kò rántí mọ́. Ìgò nìkan ló ń wò.

"Rọra gbé e," ó ní. "Kò gbọdọ̀ dúró nàró."