Ìràwọ̀ Tí Tíṣà Ń Dúró Dè

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín Bàbá Fọ́tò àti ìyàwó rẹ̀, Tíṣà. Àìsàn ti wọ egungun obìnrin náà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ń gún un ń jó o nínú bí iná. Ó ní òun ò ṣe mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sinmi. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àdéhùn tí wọ́n wá ṣe ni pé kó máa gba abẹ́rẹ́ títí ìràwọ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́ yóò fi tàn ju ìràwọ̀ kejì tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ parí.

“Ẹ búra.”

“Mo búra, Tíṣà.”

Ìràwọ̀ yìí a máa ṣókùnkùn, a sì tún rọra mọ́lẹ̀ padà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Bàbá Fọ́tò a gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, a so kámẹ́rà mọ́ ọn, a ya ìràwọ̀ náà pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kì í yẹ̀. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n ní bàìbàì, kí ìmọ́lẹ̀ wọn lè tẹ́ rẹrẹ, kí kọ̀mpútà lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà, a wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

“Ó ti tó?”

“Ó kù díẹ̀.”

Tíṣà a na apá fún nọ́ọ̀sì.

“Èmi tí mo fi ìṣirò kọ́ àwọn olórí kunkun,” ó ní, “kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ fi mí ṣe?”

Nígbà tó yá, kò ṣàwàdà mọ́. Ó ní kí ọkọ òun gbé àwòrán wá kí òun fojú ara òun rí i. Àmì funfun méjì ló rí.

“Ó dà bíi pé tiwa ló tóbi jù.”

“Ojú ló ń tàn ọ́. Bàìbàì la mọ̀ọ́mọ̀ yà á. Kọ̀mpútà nìkan ló mọ èyí tó tàn ju èkejì lọ.”

“Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọṣẹ́.”

Nọ́ọ̀sì wá iṣan lápá títí, kò rí i, ó wá gún un lẹ́sẹ̀. Tíṣà ké, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ọkọ náà ń sunkún. Ìfẹ́ rẹ̀ sí i kò ní àbùlà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ọdún yípo. Tíṣà ò lè dá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, síbẹ̀ kò yẹ àdéhùn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, ojú abẹ́rẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ò tíì gbẹ.

“Ìràwọ̀ yín yìí mà lọ́ra o,” ló sọ kẹ́yìn.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí Bàbá Fọ́tò ń bá wọn ìràwọ̀ wá kí i. Ó dá wọn lóhùn dáadáa, ó sì fún wọn ní omi.

“Ìràwọ̀ yẹn tún ti ń mọ́lẹ̀ bọ̀,” ni alága wọn fi tù ú nínú, “àmọ́ àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tó tàn ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, kò tíì sí ẹnì kankan nínú wa tó ya irú ẹ̀.”