Àga Kò Kárí

Àwòrán àtijọ́ kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, ti ọjọ́ tí wọ́n so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù di orílẹ̀-èdè kan. Àwọn olóyè àti òyìnbó jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan ṣoṣo dúró lẹ́yìn, kò rí àga. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe Ìyá Àwẹ̀ró tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Bó bá ti fìdí lé àpótí rẹ̀, á ní, "Ẹ wá jókòó o," bí èèyàn ṣe ń pe ẹni tó bá a nídìí oúnjẹ.

"Ìyá, bó bá wá jẹ́ yín lóhùn ńkọ́?" Ràímì, ọlọ́dẹ gbọ̀ngàn, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹnu lásán ni, jàre."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, orúnkún ń ro ó, àpótí nìkan ló ń rò. Pákó ilẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú. Ọkùnrin kan ti jókòó sórí àpótí náà, eruku bo bàtà rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́. Ẹ lọ bá mi dúró díẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró gbójú sókè wo àwòrán náà. Àyè ẹni tó dúró ti ṣófo, gbogbo àwọn tó jókòó sì ti kọjú sí ìyá náà, wọ́n ń retí rẹ̀.